Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Ti Dé

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kọ̀wé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́, orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni bébà wà, ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń to bọ́tìnnì, ó sì ń sọ ohun tí kí n kọ àti èyí tí n kò gbọ́dọ̀ kọ, àwa méjèèjì là ń kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí o bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àdúrà wa ló gbà yẹn, nítorí a kì í jí láràárọ̀ ká má gbé yín lọ síwájú Ọlọ́run, ìwọ la kọ́kọ́ ń gbé lọ, ọkọ rẹ á tẹ̀ lé e, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ á tẹ̀ lé wọn kí inú rẹ̀ lè máa yọ́ sí ọ. A ò mọ orúkọ ọ̀gá náà, ọ̀gá ọmọ wa là ń pè é, Ọlọ́run á mọ ẹni tí à ń wí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, fóònù ń sinmi. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi nígbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn pé fóònù mi ti ń lọ́ra, pé òun ni kì í jẹ́ kí ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ẹ wá fi ohun kékeré tí wọ́n fi ń fún ẹ̀rọ lépo yìí ránṣẹ́, mo ní ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, èyí tó bá ti ń lọ́ra, epo ló ń wá. Mo wo ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fóònù, ibi tá a máa ń ki wáyà iná bọ̀, mo kán epo sí i. Kò yí padà. Mo tún kán òmíràn. Ojú rẹ̀ tàn, ó funfun, ó dúdú, kò sì tíì sọ nǹkan kan títí di òní. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn, ó tú u, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé ta ló fẹ́ dín in. Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ dín in, epo maṣíìnì ni, kì í ṣe epo dídín. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ó sì rì í sínú ike ìrẹsì tí wọn ò tíì sè. Mi ò bá a jiyàn, bóyá ebi náà wà lára ohun tó ń ṣe é.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni, ìwọ àti ọkọ rẹ, nítorí mo mọ̀ pé òun ló rà á. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Mo rántí pé nígbà tẹ́ ẹ wá kí wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà wa, ti ilẹ̀kùn iwájú wọlé, ilẹ̀kùn ké, ọkọ rẹ fò sókè lórí àga pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó bi mí bóyá ẹnì kan ń jìyà nínú ilé wa. Mo ní rárá, ilẹ̀kùn ni. Ó wá ń nu ṣòkòtò rẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Mo sọ ọ́ lórúkọ, Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó là ń pè é nílé yìí. Kò gùn ju ìka mi lọ, ikùn rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí mo bá tẹ ikùn rẹ̀ á kán epo ẹ̀kán kan ṣoṣo, tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀ á panu mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tá a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò panu mọ́ títí di òní. O rántí pé ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí látijọ́, màá ti ìyẹ́ bọ agolo epo, màá fi tọ́ ihò maṣíìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdajì epo á wọlé, ìdajì á lọ sára aṣọ oníbàárà. Ìwọ náà lo sì máa ń bá mi lé adìyẹ. Adìyẹ dúdú tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, tó bá ti rí mi tí mo gbé agolo, abẹ́ àká ló ń sá sí. Láti ìgbà tí Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó ti dé, ó ti ń wá jókòó lẹ́sẹ̀ mi. Ó dá mi lójú pé ó ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kù. Bébà kan wà tí wọ́n ká mọ́ Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó lára. Èdè inú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo gbé e lọ fún olùkọ́, ó wọ awò, ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó ní kì í ṣe èdè tí wọ́n fi kọ́ òun níwèé, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ dára. Lóòótọ́ ló dára. Àwòrán mẹ́fà ni, nọ́ńbà sì wà lórí wọn. Èkíní maṣíìnì ìránṣọ, ìkejì ilẹ̀kùn, ìkẹta kẹ̀kẹ́, ìkẹrin fáànù, ìkarùn-ún aago ara ògiri. Ìkẹfà, ọmọ mi, ojú ni. Ojú èèyàn, ẹyọ kan, pẹ̀lú ìpéǹpéjú rẹ̀, epo ń kán bọ̀ lókè rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó kọjá lórí ara wọn sójú ojú náà.

Kò sẹ́ni tó lọ ilé-ìwé tí kò mọ ìlà méjì yẹn. Òun ni àwọn olùkọ́ ń fà sórí iṣẹ́ tí ọmọ bá kùnà. Èyí fi hàn pé ojú tó kùnà ni wọ́n ń wí, ojú tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an mọ́. Mo jókòó sórí àpótí. Mo ní áà, ọmọ yìí mà gbọ́n o. Ó mọ̀ pé ojú ìyá òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ ojú lórí fóònù, ìyá òun á fi fóònù náà sílẹ̀ á lọ da omi sílẹ̀ fún adìyẹ, ó wá fi oògùn náà pamọ́ sábẹ́ epo maṣíìnì kí ẹnikẹ́ni má fura. Omijé bọ́ lójú mi, n kò tijú láti sọ ọ́.

Nítorí èmi náà ti ń ṣọ́ ojú yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. O mọ̀ pé òun ló ń bá mi gán bọ́tìnnì. Ó gán bọ́tìnnì dúdú kan sáàárín funfun lórí ẹ̀wù olùkọ́, olùkọ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìpàdé, wọ́n bi í léèrè, ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é nígboro, àwọn méjì sì ti gbé ẹ̀wù wá fún mi pé kí n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Mo pa á mọ́ra. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo àwọn àgbàlagbà ti wò ó lójú rí, ó ní àwọ̀ funfun kan ló bo ẹyinjú, pé ilé-ìwòsàn kan wà ní ìlú tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ti ń ká a kúrò. Ìgbà tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ìyá rẹ á ní òun ń rí mi tó bó ṣe yẹ, pé kò sí ohun tuntun lára mi tí òun ń wá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pinnu pé màá lo oògùn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Oògùn tí wọ́n bá fi nọ́ńbà sí, a kì í fò ó. Ẹni tó bá sáré lọ sórí ìkẹfà láìtíì ṣe èkíní, ara rẹ̀ ló ń tàn. Mo fún maṣíìnì ní tirẹ̀ ní gbogbo ihò, àní ihò tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Ariwo rẹ̀ lọ pátápátá, ó wá ń lọ wẹ́rẹ́, mo máa ń bojú wo abẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ránṣọ. Mo fún ilẹ̀kùn iwájú, ti yàrá àti ti ẹ̀yìnkùlé. Mo fún kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ sì yọ̀ débi pé mo gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó da díẹ̀, mo yíjú, ó ti lọ bá alágbẹ̀dẹ nísàlẹ̀ ọ̀nà.

Ibi tí wàhálà wà ni ìkẹrin, a ò ní fáànù. Mo ronú, mo wá lọ bá olùkọ́. Ó ní fáànù òun ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ní ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Tí o bá ti sọ fún olùkọ́ pé ìwé ló wí, ó ti tán lẹ́nu rẹ̀. Mo gun orí tábìlì, mo fún un, olùkọ́ wá sí abẹ́ rẹ̀ gan-an láti wò ó, ó tan iná sí i, fáànù yí, epo tó pọ̀ jù tó wà lára rẹ̀ sì fọ́n ká ara ògiri àti àtàrí olùkọ́. Àtàrí náà dán tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Olùkọ́ bínú díẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí i pé fáànù ò pariwo mọ́, ó fà mí lọ sídìí aago fúnra rẹ̀. Aago náà gba tirẹ̀, ó sì ti ń sáré láti ìgbà náà, olùkọ́ ti ń jẹun ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni tó dáná. Ó ní òun ò bínú, pé ó sàn kéèyàn yára ju kó pẹ́ lọ.

Ó wá ku ojú. Kí n tó jáde lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ aago yẹn, mo ti fá irùngbọ̀n mi, mo ti wọ ẹ̀wù tí mo rán fún ìgbéyàwó rẹ, torí pé bí ojú ìyá rẹ bá là tó jẹ́ pé èmi ló máa kọ́kọ́ rí, mi ò fẹ́ kó kábàámọ̀ oògùn.

Mo padà sílé lọ́sàn-án. Mo ti ilẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan, mo wọlé, mo jókòó sídìí maṣíìnì kí n fi ìgbà díẹ̀ tú ṣòkòtò kan tí mo rán sódì, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ìyá rẹ àti àbúrò rẹ̀, ìyá kékeré rẹ tó ń yan búrẹ́dì, wà ní yàrá kejì, kọ́tìnì ló pín wa. Wọn ò mọ̀ pé mo ti dé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tẹ́tí lé wọn o. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ, mi ò bá ti wúkọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ, èèyàn kì í sì wúkọ́ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìmọ ibi tó ń lọ.

Ìyá rẹ ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun ò mọ ohun tí òun ṣe fún mi tí mo fi ba ilé jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ariwo maṣíìnì ni òun fi ń mọ̀ pé mo wà ní ìjókòó. Ó ní ilẹ̀kùn iwájú ni òun fi ń mọ ẹni tó wọlé, pé èmi máa ń tì í gbàgà á ké gígùn kan, olùkọ́ máa ń tì í díẹ̀díẹ̀ á ké bí ọmọ ológbò, àwọn oníbàárà á tì í, wọ́n á dúró, wọ́n á tún tì í, nítorí wọn ò mọ̀ bóyá aṣọ wọn ti ṣe tán. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ mi ni òun fi ń mọ ìgbà tí òun á gbé omi kaná. Ó ní ojú òun ti lọ tán. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ẹnu fèrèsé nìkan ló kù tí òun ń rí, pé láti ìgbà òjò tó kọjá òun ò rí ojú mi mọ́, etí ni òun fi ń gbé ilé yìí, èmi sì wá ń fi epo dí etí náà kiri. Ó ní kí àbúrò òun má jẹ́ kí n gbọ́, pé bí mo bá mọ̀, mi ò ní ránṣọ mọ́, ẹ̀yìn òun ni màá máa tọ̀.

Ìyá kékeré rẹ ní kí ló wá dé tí kò lọ bá ọmọ rẹ̀ kí wọ́n ṣe ojú náà nílé-ìwòsàn. Ìyá rẹ ní òun ò bẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà, ilé rẹ ni òun ń bẹ̀rù. Ilé rẹ, ọmọ mi. Ó ní kò sí ohun tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn ò ké, ilẹ̀ ò dún, fìríìjì gan-an kì í kùn, ọkọ rẹ ti fún gbogbo wọn lépo. Ó ní nígbà tí òun wá kí yín, òun jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan, òun ń sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí ọ fún ọkọ rẹ, òun sọ ọ́ tọkàntọkàn, nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ gbá ọ nídìí kí o lè ké, òun ní ṣé ó ń gbọ́, kò fèsì, òun na ọwọ́, tìmùtìmù lọwọ́ òun bà. Ọkọ rẹ ti lọ síbi iṣẹ́ tipẹ́, nínú ìtàn náà wọn ò tíì bí ọ nígbà tó jáde. Ó ní láti ọjọ́ náà òun kì í la ẹnu nílé yín àfi tí òun bá di èèyàn náà lọ́wọ́ mú. O sì sọ fún mi nígbà yẹn pé ìyá rẹ dákẹ́ jù, pé bóyá inú ń bí i sí ọkọ rẹ. Inú ò bí i. Kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀ ni.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ká kọ́tìnì sókè, mo ní kí àwọn méjèèjì fọkàn balẹ̀, mo ti gbọ́, oògùn sì wà nílé. Mo ní maṣíìnì ti gba tirẹ̀, ilẹ̀kùn ti gbà, kẹ̀kẹ́, fáànù, aago, ó ku ojú. Mo ní kí ìyá rẹ gbé orí sẹ́yìn. Ó gbé e sẹ́yìn o, ọmọ mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ti tẹ orí ba lé e, mo ti fi ìka yà á lójú, Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó ti wà lókè rẹ̀, ìka mi ti wà níkùn rẹ̀, nígbà tí ìyá kékeré rẹ ní ta ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Òun kì í ṣe olùkọ́. Ó ní kí n mú ìwé náà wá ná, mo fi ọwọ́ kejì yọ ọ́ lápò, ó wò ó, ó sì gbá ọwọ́ mi tòun ti ìyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó fò, ó lọ bọ́ sínú garawa omi.

Ó ní irú ìlà pupa méjì yẹn wà lára ààrò tí òun fi ń yan búrẹ́dì, àwòrán ọwọ́ ni wọ́n fà á lé lórí. Ó ní kì í ṣe pé ọwọ́ náà kùnà, wọ́n ní kéèyàn má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ ni. Mo ní bí wọn ò bá fẹ́ kí n kán an sójú, kí ló dé tí wọ́n fi ya ojú. Ẹni tí kò fẹ́ kí n jókòó kì í gbé àga síwájú mi. Ó fi ọwọ́ bo ojú ìyá rẹ.

Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi, inú mi bàjẹ́ gidigidi. Ti ẹ̀rù wà níbẹ̀, pé díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi ba ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti gbà pé ó máa là. Mo ti ń gbé e kiri nínú àpò mi, mo ti rò ó pé bí mo bá ti ń dé láti òdìkejì ọ̀nà, á máa wò mí bọ̀.

Kò pẹ́, mo gbọ́ ìyá rẹ tó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ibo ni mo wà, kí n sọ nǹkan. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ wà lápò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, mo ń pa á dé, kẹ́ẹ́kẹ́, kẹ́ẹ́kẹ́, ó tọ ìró náà wá, ó jókòó tì mí. Ó wá na ọwọ́, ó fi kan àgbọ̀n mi, ó ní mo mà fá irùngbọ̀n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé kí ni mo fá a fún, mo sì sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún, ó ní ká ní mo kán an ni, ojú òun ì bá máa yí kiri láìdún.

Mo dìde lójú ẹsẹ̀. Mo bu kẹrosíìnì, mo fi fọ epo kúrò lára hínjì ilẹ̀kùn iwájú, mo fi iyanrìn gbo ó, mo nu ún gbẹ. Ilẹ̀kùn náà ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, olùkọ́ sáré wá láti ilé rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń pa. Inú ìyá rẹ dùn. Ó ní kí olùkọ́ padà síta kó tún wọlé, ó ní kí n jáde kí n wọlé, gbogbo wa jáde, gbogbo wa wọlé, ó ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣì wá mú. Maṣíìnì kò lè pa epo tì, iṣẹ́ oúnjẹ wa ni, mo wá so agolo bọ́tìnnì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń mì jìgìjìgì bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníbàárà ń wò mí níwòkuwò. Ẹ̀wù wọn ni kí wọ́n máa wò.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ìyá rẹ ti gbà pé òun á wá ṣe ojú náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, lórí àtẹ̀gùn yẹn, ìyá kékeré rẹ ni ẹlẹ́rìí. Àmọ́ ó ní bí òun bá máa fi aṣọ di ojú nílé rẹ lẹ́yìn iṣẹ́ dókítà, òun ò ní lọ jókòó sáàárín ilé tí kò sọ̀rọ̀. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ilé yín pariwo díẹ̀. Bá mi bẹ ọkọ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sọ fún un pé ẹ̀bùn rẹ̀ dára, kò sí ohun tó ṣe é, mo yọ ọ́ nínú garawa, mo nù ún, ó ṣì ń kán. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ilẹ̀kùn pálọ̀ àti ti ilé ìwẹ̀, iyanrìn ló ń parí rẹ̀, ẹ gbo ó dáadáa. Kó ra sálúbàtà tó ń dún pàṣà-pàṣà nílẹ̀, kó sì máa sọ fún ìyá rẹ pé òun ń jáde, kí wọ́n má tún bí ọ lójú tìmùtìmù. Ìwọ náà, orin tó o máa ń fi imú kọ nígbà tó o bá ń gbálẹ̀, mo máa ń ní kí o dákẹ́ nítorí oníbàárà. Máa kọ ọ́.

Ní ti owó, ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé. Bó bá wà, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọkọ̀ àti fún ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì níwájú, nítorí kò fẹ́ kí dókítà rí bọ́tìnnì tí òun gán sódì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ sínú fóònù mi, epo ṣì wà nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ kí owó náà rin. Èyí tó sàn jù ni kí ìwọ fúnra rẹ gbé e wá, kí o sì mú ìyá rẹ lọ. Má pè kí o tó máa bọ̀. Tó o bá dé, má kan ilẹ̀kùn, má sì ké sí wa láti ìta, tì í nìkan. Ìyá rẹ ní ìdí lo fi máa ń tì í torí pé ọwọ́ rẹ kì í ṣófo, kò sí ẹlòmíràn tó ń tì í bẹ́ẹ̀, ó ti jókòó sí ọ̀kánkán ibẹ̀ láti àárọ̀ nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ. Mo ní ìwé ò tíì kúrò nílé. Ó ní òun mọ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ohun tó bá yẹ kó yọ̀ fún yín á yọ̀, ohun tó bá yẹ kó dúró á dúró. Mo ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ láti òkè délẹ̀, ó ní mo kọ ohun tí òun ní kí n má kọ, ṣùgbọ́n kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní àdúrà tòun ló kù, kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́: kí ilé yín má dákẹ́, kí ilẹ̀kùn ké níbẹ̀, kí ọmọ ké níbẹ̀, kí òun gbọ́ ọ, kí òun yíjú, kí òun sì rí i.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀ alágolo.